Omi iyọ̀, Ebola àti owó Amẹ́ríkà: báwo làwọn àjọ ìlera àgbáyé ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́ gan-an?

Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, ìyá mi pè mí lórí fóònù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Àyà mi já, torí ìpè ìdájí, ẹ̀yin náà mọ̀, kì í sábà jẹ́ ìpè ire. Mo gbé e, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni "Ṣé o ti wẹ̀?" Mo ní màámi, wẹ̀ kẹ̀? Wọ́n ní kí n dìde kíá, kí n da iyọ̀ sínú omi, kí n fi wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí n sì mu díẹ̀ nínú ẹ̀, pé ìyẹn ni ò ní jẹ́ kí Ebola mú mi, pé gbogbo àdúgbò àwọn ti wẹ̀ tán, èmi nìkan ló kù. Mo wẹ̀ o, mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò mu ún ṣá, iyọ̀ tí mo dà sí i ti pọ̀ jù, mo tọ́ ọ wò, mo tu ú dànù. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, jáde wá sọ pé irọ́ gbuu ni, pé ó kéré tán èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n ń mu.

Ìtàn yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá ti gbọ́ àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí. Látìgbà tí Amẹ́ríkà ti ní àwọn ò ṣe WHO mọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù bábà tí mo jókòó sí tí wọn ò ti fà á. Apá kan á ní ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, kí ni WHO ṣe fún wa rí? Apá kejì á ní a ti kú pátápátá, owó òyìnbó ti lọ, ta ló máa ra oògùn? Apá méjèèjì ló ń bí mi nínú díẹ̀, torí wọ́n jọ gbà pé ọ̀rọ̀ náà ò ju kí ẹnì kan máa fúnni, kí ẹnì kejì máa gbà lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa náà ti ń fún wọn ní nǹkan tipẹ́tipẹ́, nǹkan tó ju owó lọ nígbà míì, àwa la kàn kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìròyìn náà fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Trump lẹ́ẹ̀kejì, ló buwọ́ lùwé pé Amẹ́ríkà ń jáde nínú WHO. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó ti gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún 2020, Biden ló dé tó fagi lé e. Àdéhùn ni pé Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọdún kan gbáko ṣáájú kó tó lọ, ìyẹn ló jẹ́ pé ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 2026 ni ìjáde náà tó ṣẹ. Láàárín ìgbà yẹn náà ni wọ́n dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, wọ́n kọ́kọ́ ní 90 ọjọ́ péré ni, àwa náà ń ka ọjọ́, títí USAID fúnra ẹ̀, àjọ tó ń pín owó ìrànwọ́ náà, fi kógbá wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. WHO tó ti ń múra láti ná bílíọ̀nù 5.3 dọ́là fún ọdún 2026 sí 2027 wá gé e sí bílíọ̀nù 4.2, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró, wọ́n pa àwọn ẹ̀ka kan pọ̀.

Bí WHO ṣe ń rówó, ẹ kàn wò ó bí ẹgbẹ́ àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò yín. Owó oṣù wà tí gbogbo ilé ń dá, òun ni wọ́n fi ń sanwó fún ọlọ́dẹ, òun ni wọ́n fi ń tún géètì ṣe. WHO náà ní tiẹ̀, wọ́n bù ú fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bí agbára ẹ̀ bá ṣe mọ, Amẹ́ríkà nìkan ló ń san 22 nínú 100 kó tó jáde. Àmọ́ owó oṣù yẹn ò tó nǹkan, fún ọ̀pọ̀ ọdún kò tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó tí àjọ náà ń ná. Ìyókù, ọrẹ ni. Ẹ sì mọ bí ọrẹ ṣe máa ń rí, Alhaji kan á dìde nípàdé, á ní òun máa ra tiransifọ́mà fún àdúgbò, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, àmọ́ iwájú ilé òun ni kí wọ́n gbé e sí o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fún WHO lówó á ní rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi owó òun ṣe, ẹlòmíì á ní ibà, wọn ò sì lè mú owó rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ lọ fi sanwó ẹni tó ń ṣọ́ Lassa. Ọdún 2022 ni wọ́n tó jọ fẹnu kò pé owó dandan yẹn gbọ́dọ̀ máa gun òkè títí á fi tó ìdajì ètò ìsúnná, lóṣù karùn-ún 2025 wọ́n fi ìdá 20 nínú 100 kún un. Ìgbà tí Alhaji ti ń tú wáyà tiransifọ́mà ẹ̀ nìyẹn.

Ohun míì tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé WHO ò ní ọlọ́pàá, kò lè ti bọ́dà ẹnikẹ́ni, kò lè fipá wọ orílẹ̀-èdè kankan. Ohun tó ní ni ìròyìn. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní International Health Regulations, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2005 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007, ó ní tí orílẹ̀-èdè kan bá ti yẹ àrùn kan wò tó rí i pé ó lè kọjá bọ́dà, kó fi tó WHO létí láàárín wákàtí 24. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Àmọ́ ẹni tó bá tètè sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń fìyà jẹ. Lóṣù kọkànlá 2021, South Africa àti Botswana rí Omicron, wọ́n sọ fún gbogbo ayé wéré, ohun tí wọ́n fi kí wọn kú iṣẹ́ ni pé wọ́n fòfin de bàálù wọn. Ìlú Ọba tún fi Nàìjíríà sí orúkọ àwọn tí wọn ò fẹ́ rí láti ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Kérésìmesì lọ́dún yẹn ẹ ò tíì gbàgbé. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà wọ́n ní kálukú lè máa wọlé padà, torí àrùn náà ti wà nílé wọn dẹ́nu. Nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan bo àrùn mọ́lẹ̀, kí ẹ tó bú wọn, ẹ kọ́kọ́ rántí èyí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí 2014, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti hàn kedere. Lọ́jọ́ 20 oṣù keje, Patrick Sawyer wọ bàálù ní Monrovia ní Làìbéríà, ó gba Lomé kọjá, ó balẹ̀ sí Èkó, ara ẹ̀ ò yá rárá. Ìpàdé ECOWAS ló ń lọ ṣe ní Calabar. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lásìkò yẹn, bó ṣe di pé wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Obalende nìyẹn, First Consultants. (Ẹ ro ó wò ná, ká ní ọsibítù ìjọba tí èrò ń to láti òwúrọ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Ìyanṣẹ́lódì tá a ń bú yẹn, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ sí i.) Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú, torí ní Nàìjíríà, tí ara bá ti gbóná, ibà ni kó tó di nǹkan míì. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló wò ó tó ní rárá, tọkùnrin yìí ju ibà lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún Ebola. Láti Làìbéríà wọ́n ń pè, wọ́n ń fínná mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ síbi ìpàdé ẹ̀, Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jáde. Láàbù LUTH ní Ìdí-Àràbà yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, láàbù Redeemer's University tún un yẹ̀ wò, láàbù kan ní Dakar, Senegal, náà dá sí i kó má bàa sí àníàní. Sawyer kú lọ́jọ́ 25. Adadevoh fúnra ẹ̀ kó àrùn náà, ó kú lọ́jọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Àwọn tó ti fara kan aláìsàn ló wá kù, àwọn náà àtàwọn tó fara kan àwọn náà. Ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ ti yọ́ kúrò l'Ékòó lọ sí Port Harcourt, dókítà tó tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀ náà kú. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 èèyàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, èèyàn kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn ò ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é o, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́nu géètì ní Sùúrùlérè, tẹmómítà ní ọwọ́ kan, fóònù ní ọwọ́ kejì, ó ń bẹ onílé pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìgbóná ara yín nìkan ni mo fẹ́ wò, àwọn aládùúgbò ti ń yọjú lójú wíńdò, onílé ń bẹ̀ ẹ́ padà pé kó má wọ nǹkan funfun yẹn wá mọ́ lọ́la kí wọ́n má bàa lé òun kúrò nílé. Ó gbọ́dọ̀ padà wá lọ́la ṣá. Irú àbẹ̀wò báyẹn tí wọ́n ṣe tó nǹkan bí 18,500. Níkẹyìn, èèyàn 20 ló ní àrùn náà, mẹ́jọ ló kú, ní ìlú tí èrò ibẹ̀ pọ̀ bí omi òkun! Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ ni pé ibo ni wọ́n ti rí àwọn tó ń rìn kiri yẹn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìjọba wa tí kì í tètè rí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì! Ìdáhùn ẹ̀ ni rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Lọ́dún 2012, Nàìjíríà nìkan ló ní ju ìdajì gbogbo ọmọ tí àrùn yẹn mú ní gbogbo ayé, ojú tì wá, wọ́n wá dá ibùdó kan sílẹ̀ níbi tí ìjọba àpapọ̀, WHO, UNICEF, CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, Rotary àti àwọn èèyàn Bill Gates ti ń jókòó sí tábìlì kan náà, tí wọ́n ń wo máàpù kan náà, tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé lẹ́tà ò tíì dé ọ̀dọ̀ òun. Láti ọdún 2008 sì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà wa níṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àrùn, pẹ̀lú ìrànwọ́ CDC. Nígbà tí Ebola dé, wọ́n kàn gbé àwọn èèyàn yẹn wá s'Ékòó ni, Dókítà Faisal Shuaib tó jẹ́ igbákejì ẹni tó ń darí ibùdó rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní kó wá darí ti Ebola, fóònù tí wọ́n fi ń wá ilé àwọn ọmọ kékeré ní Kano ni wọ́n fi ń wá ilé àwọn tó fara kan aláìsàn l'Ékòó. Owó ìta wà nínú ẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ kì í ṣe owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ lóṣù keje 2014 ló gbà wá, ohun tí wọ́n ti jọ kọ́ sílẹ̀ kó tó di pé ilé jóná ni. Ìyẹn gan-an ni nǹkan tó máa ń kọ́kọ́ lọ tí owó bá dá, torí kò sẹ́ni tó máa ń ya fọ́tò ẹ̀.

Ibùdó yẹn náà, ẹ má rò pé ìfẹ́ ló bí i. Lọ́dún 2003, Kano àtàwọn ìpínlẹ̀ míì l'Ókè Ọya ní àwọn ò gba oògùn àjẹsára yẹn mọ́, pé wọ́n fẹ́ fi sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó ní ilẹ̀ tó hù sí ni, torí lọ́dún 1996, Pfizer ti wá dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ ní Kano nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà, àwọn ọmọ kú, ẹjọ́ ẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ ẹni tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ sí, ṣé wàá ya ẹnu ọmọ ẹ kalẹ̀ fún àlejò? Ó tó bí oṣù mọ́kànlá kí Kano tó gbà padà lọ́dún 2004, oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ni wọ́n gbà. Kó tó di ìgbà yẹn àrùn náà ti rin ìrìn àjò lọ sí bí ogún orílẹ̀-èdè. Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn, lójú tèmi, kì í ṣe àwọn ọ̀gá WHO láti Geneva, àwọn ẹ́míà àti àwọn ìmáàmù tó dìde ni, pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò tó ń ti ilé dé ilé. Ẹ̀mí làwọn kan fi dí i, lóṣù kejì 2013 wọ́n yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń fún ọmọ lóògùn ní Kano. Ọmọ tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní Borno ni, lọ́dún 2016, ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio. Irú kejì ṣì wà o, èyí tó ń jáde látinú oògùn àjẹsára fúnra ẹ̀ tó bá ń ràn kiri níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò ti gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì ń kan ilẹ̀kùn yín.

Ẹ má dá mi lóhùn pẹ̀lú àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà o, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ta ló ni àyà tí wọ́n ń fi sọ̀? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Lọ́dún 1925, àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà wá dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yábàá níbí, láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó ń pa èèyàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yellow fever. Lọ́dún 1927, ní Gold Coast tó ti di Gánà báyìí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, tí àìsàn náà ń ṣe. Wọ́n gún un sára ọ̀bọ kan, ọ̀bọ náà kú, Asibi yè é. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tó ń ṣe ìwádìí náà, kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú l'Ékòó níbí lọ́dún yẹn náà. Látinú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe àjẹsára tó ń jẹ́ 17D lọ́dún 1937, tó gba Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 1951, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún yín kẹ́ ẹ tó gba káàdì yẹ́lò lọ rìnrìn àjò, inú ẹ̀jẹ̀ Asibi náà ló ti ṣẹ̀ wá. Yábàá ń ṣe abẹ́rẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ títí di 1991, ìjọba wá tì í pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n ṣì ń tún un ṣe. Faransé, Brazil, Rọ́ṣíà àti Dakar la ti ń retí ẹ̀ báyìí.

Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí ní Geneva lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ìròyìn wa kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí àjàkálẹ̀ àrùn, Pandemic Agreement, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń fà á, nígbà tí wọ́n dìbò nínú ìgbìmọ̀, 124 ló gbà, kò sẹ́ni tó ní rárá, 11 ló dákẹ́. Àmọ́ wọ́n yọ ibi tó gbóná jù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé àwọn á kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àfikún, láìsí àfikún yẹn wọn ò lè ṣí àdéhùn náà sílẹ̀ kí orílẹ̀-èdè kankan wá fọwọ́ sí i, 60 orílẹ̀-èdè ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó dòfin. Ohun tí àfikún náà dá lé lórí rọrùn ún sọ: tí àrùn tuntun bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a máa fi kòkòrò náà àti àwòrán ìṣẹ̀dá ẹ̀ ránṣẹ́ kíá, ilé iṣẹ́ tó bá fi ṣe oògùn á ya ìdá 20 nínú 100 ohun tó bá ń ṣe sọ́tọ̀ fún WHO láti pín, ìdá 10 ó kéré tán lọ́fẹ̀ẹ́, ìyókù ní owó tí kò ga ju ara lọ. Bí ẹ bá bi mí, ìdá 20 kéré. Àmọ́ nígbà Asibi òdo ni, nígbà Kòrónà náà a rí bí wọ́n ṣe kó abẹ́rẹ́ jọ síwájú tí àwa ń to ẹ̀yìn.

Ẹ ò tún lè sọ pé àwa ò ní nǹkan tá a máa gbé wá sórí tábìlì. Ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láàbù kan wà ní Redeemer's University, ACEGID lorúkọ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló dá a sílẹ̀, Báńkì Àgbáyé àti àwọn míì ló náwó sí i, àwọn ará Harvard ní Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ni mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Sawyer. Nígbà tí Kòrónà wọ Nàìjíríà lóṣù kejì 2020, nípasẹ̀ ọkùnrin ará Ítálì kan, Ẹdẹ ló ka ìṣẹ̀dá kòkòrò náà, kò gbà wọ́n ju ọjọ́ mélòó kan lọ, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láti Áfíríkà, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹdẹ o! Ìlú Tìmì! Èmi tó jẹ́ pé mo máa ń gba ibẹ̀ lọ sí Òṣogbo, n ò mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ fi Ṣọ̀pọ̀ná kún un, torí àwọn tó ń sọ pé àjọṣe àgbáyé ò lè bímọ rere, ìgbóná ni mo máa fi dá wọn lóhùn. Àwọn bàbá wa ò tiẹ̀ jẹ́ pe orúkọ ẹ̀, Olóde ni wọ́n ń pè é, Ilẹ̀ẹ́gbóná ni. Viktor Zhdanov, dókítà láti Rọ́ṣíà ìgbà Soviet, ló gbé e wá sípàdé WHO lọ́dún 1958 pé ẹ jẹ́ ká jọ pa á run, Rọ́ṣíà náà ló ń fi abẹ́rẹ́ ta gbogbo ayé lọ́rẹ, Amẹ́ríkà tó ń bá a ṣe ọ̀tá gba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe. Lóṣù Kejìlá 1966, nítòsí Ògọjà, abẹ́rẹ́ ò tó lọ́wọ́ William Foege, ó wá ń lo rédíò àwọn míṣọ́nárì láti béèrè pé abúlé wo ni ìgbóná wà, àwọn tó yí aláìsàn ká nìkan ló ń gún fún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i pé kò pọn dandan kí wọ́n gún gbogbo ayé. Ọdún 1970 ló tán ní apá ibí, lóṣù karùn-ún 1980 wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Ère Ṣọ̀pọ̀ná kan wà ní míúsíọ́ọ̀mù CDC ní Atlanta títí dòní. Wíwá àwọn tó yí aláìsàn ká yẹn, iṣẹ́ tí ọmọbìnrin Sùúrùlérè ń ṣe lẹ́nu géètì náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó dúró, àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára ni àwọn tó ń lo oògùn HIV, torí láti ọdún 2003 tí Bush ti dá PEPFAR sílẹ̀, ìyẹn ètò ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún HIV, ọ̀pọ̀ oògùn yẹn ló ń gba ibẹ̀ wá. Ìjọba àpapọ̀ sáré fọwọ́ sí bíliọ̀nù 4.8 náírà lóṣù kejì 2025 fún oògùn HIV, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera. Inú mi dùn, inú tún bí mi, ṣé owó yẹn ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí ni? Ní Abuja níbí gan-an, lọ́dún 2001, ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí pé àwọn á máa ya ìdá 15 nínú 100 ètò ìsúnná sọ́tọ̀ fún ìlera, Nàìjíríà tó gba àlejò ò tíì dé ibẹ̀ rí. Lóṣù Kejìlá 2025, Amẹ́ríkà padà wá, àmọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló gbà: wọ́n bá Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé ọdún márùn-ún lọ́tọ̀, láìgba ọ̀dọ̀ WHO, Amẹ́ríkà á mú nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.1 dọ́là wá, Nàìjíríà á fi nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta kún owó tiẹ̀. Mi ò kórìíra kí àwa náà máa mú tiwa wá, ó ti pẹ́ jù. Àmọ́ Alhaji tó jáde nínú ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, tó wá ń kan ilẹ̀kùn kálukú lóru pé òun á fa wáyà fún ìwọ nìkan, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, torí ẹ ò mọ ohun tó bá aládùúgbò yín sọ. Àrùn tó gba Lomé wọ Èkó ò ní bi wá bóyá Togo náà wà nínú ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń fún ọmọ lóògùn yà sí àdúgbò wa. Obìnrin méjì ni, ọ̀kan gbé kúlà kékeré aláwọ̀ búlúù kọ́ èjìká, èkejì mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Wọ́n kán an sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, ẹ̀kán méjì, ọmọ náà fajú ro bí ẹni tó jẹ orógbó. Mo bi èyí tó dàgbà jù pé màmá, owó ọkọ̀ tí wọ́n ń fún yín ńkọ́, ṣé ó ti wọlé? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti ìgbà tó kọjá gan-an wọn ò tíì san án tán. Mo ní ẹ sì tún jáde? Ó di ìka kékeré ọmọ náà mú, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n kun ìka ọmọ yìí ná kó tó nù ún sí yín láṣọ." Èkejì ti wà lára ògiri géètì, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà ilé wa.